Agbára ẹ́ńjìnnì nìkan kọ́ ló ń mú ọkọ̀ ojú omi sáré

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ra ọkọ̀ ojú omi eléré ló máa ń rò pé inú agbára ẹ́ńjìnnì nìkan ni eré wà. Bí ọkọ̀ náà kò bá sáré tó bí wọ́n ṣe fẹ́, ẹ́ńjìnnì mìíràn tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọn yóò máa wá kiri. Bẹ́ẹ̀, irin alápá mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń yí nínú omi lẹ́yìn ọkọ̀, èyí tí à ń pè ní pùròpẹ́là, ló ń sọ agbára ẹ́ńjìnnì di eré. Bí bàtà kò bá bá ẹsẹ̀ mu, bó ti wù kí ẹni tó wọ̀ ọ́ lágbára tó, yóò kọsẹ̀ ni.

Nọ́ńbà méjì ló sábà máa ń wà lára pùròpẹ́là. Bí wọ́n bá kọ 14 àti 20 sí i, íńṣì 14 ni ìbú rẹ̀ láti etí kan sí èkejì. Íńṣì 20 ni pitch rẹ̀, ìyẹn ibi tí ì bá rìn dé síwájú bó bá yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí súkúrúù ṣe ń wọ inú pákó. Ṣùgbọ́n omi kì í ṣe pákó. Ó máa ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá yí nígbà 5,600 ní ìṣẹ́jú kan, tí jíà sì dín in kù sí ìdajì, pùròpẹ́là yóò yí nígbà 2,800. Pẹ̀lú pitch 20, eré náà ì bá jẹ́ kìlómítà 85 ní wákàtí kan. Bí a bá yọ ìdá 10 nínú 100 fún yíyọ̀ omi, yóò ku nǹkan bíi 77.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọn á ní kí àwọn kúkú ra pitch 24. Ṣùgbọ́n bí pitch bá fi íńṣì kan lé, yíyí ẹ́ńjìnnì á fi nǹkan bí 150 sí 200 dín kù. Ẹ́ńjìnnì náà lè já sí 4,800. Lórí ìwé, eré tó máa fi lé kò ju nǹkan bíi kìlómítà méjì lọ, ọkọ̀ á sì pẹ́ kó tó gbéra. Bí ìwé ẹ́ńjìnnì bá ní kó máa yí láàárín 5,000 sí 6,000 nígbà tí a bá tẹná mọ́ ọn tán, ẹrù ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn nìyẹn: yóò máa gbóná, inú rẹ̀ yóò sì bàjẹ́ ṣáájú ọjọ́. Bí pitch bá kéré jù, ẹ́ńjìnnì á yí kọjá ààlà, ìyẹn náà ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́.

Nítorí náà, ẹrù tí ọkọ̀ máa ń gbé gan-an ni kí a fi dán an wò, tepo tèrò. Pùròpẹ́là tó dára fún ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì yóò ni ọkọ̀ tó ń kó èrò láti Ìkòròdú wọ Èkó lára.

Ti alumíníọ̀mù kò wọ́n, ṣùgbọ́n ó máa ń tẹ̀ bí eré bá pọ̀. Èyí tí a fi irin tí kì í dípẹtà ṣe fẹ́lẹ́ ju ti alumíníọ̀mù lọ, ó sì le. Òun ló yẹ ọkọ̀ eléré, ṣùgbọ́n bó bá gbá igi tàbí òkúta, jíà lè fara gbá a. Alápá mẹ́ta ló sábà máa ń sáré jù. Alápá mẹ́rin ló ń di omi mú dáadáa nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà.

Aago tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì ni kí olúkúlùkù fi yan pùròpẹ́là, kì í ṣe ẹnu ọlọ́jà.