Igi Tí Káńsù Freetown Ń Kà Níkọ̀ọ̀kan

Ẹni tó bá gbọ́njú sí ìlú Yorùbá kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé iṣẹ́ igi odán fún un. Iwájú ààfin lẹ ó ti bá a, tàbí láàárín ọjà, kò sì ṣèèṣì hù síbẹ̀. Ẹ̀ka odán ni àwọn baba wa gé, wọ́n rì í mọ́lẹ̀, wọ́n ṣọgbà yí i ká kí ewúrẹ́ má baà jẹ ewé rẹ̀, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ títí ó fi ta gbòǹgbò. Nígbà tó yá, ìbòòji rẹ̀ di ti gbogbo ìlú. Àwọn àgbà ń ta ayò lábẹ́ rẹ̀, àwọn obìnrin pàtẹ ọjà sí ìdí rẹ̀, ẹyẹ àti àdán ń jẹ èso rẹ̀ lókè. Bí ẹnìkan bá bi mí pé kí ni iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, igi yìí ni màá kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ìlú ló gbìn ín, ìlú ló sì yan ẹni tí yóò máa mójú tó o.

A sì mọ ohun tí omi ń ṣe níbi tí igi ti tán. Àwọn ará Ìbàdàn kò lè gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí Ògùnpa kún àkúnya, tó gbé ilé, gbé ọkọ̀, gbé èèyàn lọ. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò tún ya bo ìlú náà, ó wó afárá, ó sì pa èèyàn tó lé ní 100. Ilẹ̀ tí gbòǹgbò dì mú máa ń rọra mu omi. Ilẹ̀ tó wà ní ìhòòhò, tí a wá fi sìmẹ́ǹtì bò, ṣe ni omi ń sáré lórí rẹ̀ lọ bá àwọn tó ń gbé ní ìsàlẹ̀. Bí ayé sì ṣe ń gbóná sí i, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gba omi sára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí òjò tó yẹ kó pín ara rẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ kan fi lè dà sílẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀.

Pẹ̀lú èyí lọ́kàn, ẹ jẹ́ ká rìn dé Freetown, olú ìlú Sierra Leone, orílẹ̀-èdè tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ Àjàyí Crowther kalẹ̀ sí lọ́dún 1822, lẹ́yìn tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrú. Títí di òní, ẹ ó rí orúkọ Yorùbá láàárín àwọn Krio, àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹrú, ẹ ó sì rí egúngún tó ń jáde. Kódà igi tó jẹ́ àmì ìlú náà, àràbà ni. Wọ́n ní abẹ́ rẹ̀ ni àwọn tó bọ́ lóko ẹrú, tí wọ́n wá láti Nova Scotia lọ́dún 1792, ti kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìjì òjò ló wó o nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2023, gbogbo ìlú sì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ bí ẹni ṣọ̀fọ̀ àgbà.

Ilẹ̀ ibẹ̀ ni kò jọ tiwa. Àárín òkun àti òkè gíga ni wọ́n há ìlú náà sí, ilẹ̀ títẹ́jú ò pọ̀ rárá. Nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà láti ọdún 1991 sí 2002, ọ̀pọ̀ èèyàn sá wọ Freetown, wọn ò sì padà sí abúlé mọ́. Níbo ni wọ́n fẹ́ kọ́lé sí? Wọ́n gun òkè. Wọ́n gé igi láti rí àyè fi páànù kan ilé, wọ́n gé òmíràn fún igi ìdáná àti èédú. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2017, lẹ́yìn òjò ńlá tó ti ń rọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀gbẹ́ òkè Sugar Loaf ní àdúgbò Regent ya, ó sì bo àwọn tó ń sùn ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn tó kú àtàwọn tí a ò rí mọ́ lé ní 1,000.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Yvonne Aki-Sawyerr di méyọ̀ ìlú náà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, káńsù bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Freetown the Treetown, wọ́n láwọn yóò gbin igi mílíọ̀nù kan. Ẹ lè sọ pé a ti gbọ́ irú èyí rí, òótọ́ sì ni. Kò sí ìjọba tí kì í gbin igi. Wọ́n á ran aṣọ ẹgbẹ́jọdá, ẹni ńlá á mú ṣọ́bìrì, kámẹ́rà á kọ mànà, ọkọ̀ á sì gbéra. Tí ẹ bá padà síbẹ̀ nígbà ọyẹ́, ẹ ó bá ọ̀pá gbígbẹ nínú ilẹ̀ sísán. Ó máa ń dùn mí, torí pé owó ìlú ló gbẹ yẹn.

Ohun tó mú mi dúró lórí Freetown ni ọ̀nà tí wọ́n gbà dènà èyí. Àwọn ará àdúgbò ni wọ́n gbà síṣẹ́, àwọn tó ń gbé lórí òkè yẹn gan-an, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ obìnrin àti ọ̀dọ́. Tí ẹnìkan bá gbin ọmọ igi kan, yóò fi fóònù rẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀. Áàpù tí wọ́n fi síbẹ̀, Treetracker lorúkọ rẹ̀, á ṣàkọsílẹ̀ ibi tí igi náà wà lórí ilẹ̀, á sì fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí kò pa á pọ̀ mọ́ igi mìíràn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, olùtọ́jú náà gbọ́dọ̀ padà lọ ya fọ́tò igi kan náà, ní ojú ibi kan náà. Bí igi bá ṣì wà láàyè, owó á wọlé sórí fóònù rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa rí obìnrin tó ru kẹ́ẹ̀gì omi gun òkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó ń ro ìdí igi, tó sì ń lé ẹran ọ̀sìn kúrò níbẹ̀. Oúnjẹ ọmọ rẹ̀ wà lára igi náà.

Àwọn igi ọ̀hún kì í ṣe oríṣi kan. Wọ́n gbin ti ilẹ̀ náà, wọ́n gbin igi eléso, wọ́n gbìn sórí òkè, wọ́n gbìn sí bèbè odò àti ọgbà ilé ìwé. Létí òkun, wọ́n ń dá irú igi inú ẹrẹ̀ padà, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń dúró lókè omi, tí ẹja àti edé ń sápamọ́ sí abẹ́ rẹ̀, tó sì ń dín agbára ìgbì kù. Nígbà tí ọdún 2022 fi máa parí, igi tí wọ́n ti gbìn lé ní 500,000, káńsù sì sọ pé ohun tó ju ìdá 80 nínú 100 wọn lọ ló yè. Báńkì Àgbáyé wà lára àwọn tó gbé owó sílẹ̀, ẹ̀bùn mílíọ̀nù kan dọ́là sì tún wọlé lọ́dún 2022 láti ọ̀dọ̀ Bloomberg Philanthropies.

Ọ̀rọ̀ ooru náà ò gbẹ́yìn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, méyọ̀ yan Eugenia Kargbo láti máa mójú tó o, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó di irú ipò bẹ́ẹ̀ mú ní Áfíríkà. Lára ohun tí wọ́n ṣe ni òrùlé ìbòòji tí wọ́n nà sókè àwọn ọjà gbangba kan, níbi tí oòrùn ti ń pa àwọn ìyálọ́jà, tó sì ń ba tòmátì àti ẹja wọn jẹ́ kó tó di ọ̀sán.

Mi ò ní tan yín jẹ pé gbogbo rẹ̀ ti dára. Agbára láti pín ilẹ̀ àti láti fún èèyàn níwèé àṣẹ ìkọ́lé kò sí lọ́wọ́ káńsù Freetown, ọwọ́ ìjọba orílẹ̀-èdè ló wà, méyọ̀ sì ti ń ráhùn lórí rẹ̀ ní gbangba. Bí káńsù ṣe ń gbin igi sí ẹ̀gbẹ́ òkè kan, ẹlòmíràn lè máa ro ẹ̀gbẹ́ kejì láti tà á ní púlọ́ọ̀tì. Igbó tó ṣẹ́ kù lórí àwọn òkè náà, tí wọ́n sọ di igbó ìpamọ́ ti orílẹ̀-èdè lọ́dún 2012, ni ọ̀pọ̀ jù lọ omi tí Freetown ń mu ti ń ṣàn wá sínú ìdídò Guma. Inú rẹ̀ kan náà ni Tacugama wà, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ìnàkí tí kò ní òbí mọ́ láti ọdún 1995. Lọ́dún 2025, Tacugama ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn àlejò láti fi ẹ̀hónú hàn, nítorí pé àwọn tó ń gba ilẹ̀ ti ń jẹ igbó náà dé ẹnu ọgbà wọn. Igi tuntun kò lè rọ́pò igbó àtijọ́ tí a ń pa lọ. Méjèèjì ni kí ìjọba dìmú, kó má fi ọ̀kan ṣe àwáwí fún èkejì.

Nílé ńkọ́? Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, kọ ọ́ kedere pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni gọ́tà, ojú pópó, ọjà, kíkó ìdọ̀tí, ọgbà ìgbafẹ́ àti ilẹ̀ gbangba. Ìyẹn ni pé ibi tí omi ń gbà, ibi tí ìbòòji yẹ kó wà, àti ibi tí pàǹtí ń dí ojú odò, abẹ́ alága káńsù ni gbogbo rẹ̀ wà, kì í ṣe abẹ́ Abuja. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ tún dájọ́ pé kí wọ́n máa san owó ìjọba ìbílẹ̀ fún un ní tààràtà. Àwáwí pé gómìnà ló mú owó dání kò yẹ kó fẹsẹ̀ múlẹ̀ mọ́.

Ká má bèèrè igi mílíọ̀nù lọ́wọ́ wọn o. Igi 200 tó yè lẹ́bàá odò àdúgbò kan, tí a mọ ẹni tó ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó sàn ju ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó kú sínú ìròyìn lọ. Nítorí náà, nígbà tí alága káńsù yín bá tún pe ìpàdé ìlú, tàbí tó wá tọrọ ìbò, ẹ dìde, kẹ́ ẹ bi í ní ìbéèrè méjì péré: mélòó nínú igi tẹ́ ẹ gbìn lésìí ló ṣì wà láàyè, ta sì lẹ ń sanwó fún láti máa bomi rin wọ́n? Ẹ má jókòó títí yóò fi dáhùn.