Ọdún mélòó ni ogún fi ń di ogójì?

Sogúndogójì ni Yorùbá ń pe ẹni tó ń yáni lówó tó ń gba èlé gọbọi lé e lórí: ó sọ ogún di ogójì. Orúkọ yìí kan náà ni wọ́n fi ń pe ètò ìdókòwò bíi MMM àti CBEX lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogún tí wọ́n kó síbẹ̀ kì í sábà di ogójì. Ogún ọ̀hún gan-an ló ń bá a lọ. Inú orúkọ náà ni ìbéèrè kan fara pamọ́ sí, èyí tí àwọn tó ń pariwo èrè kì í fẹ́ kí wọ́n bi wọ́n: báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó kí ogún tó di ogójì?

Láti ọjọ́ 17 sí ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2025 ni Ọ̀sẹ̀ Owó Lágbàáyé wáyé. Àjọ OECD ló ń darí rẹ̀, òun sì ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, àti Ìgbìmọ̀ Àwọn Oníbáńkì fi ń rán òṣìṣẹ́ báńkì lọ sílé ẹ̀kọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣọ́wóná. Àkòrí ọdún náà ni pé kí èèyàn ronú kó tó tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí CBEX, tó ní òun ń sọ owó di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, fi dẹnu kọlẹ̀. Ní Ìbàdàn, àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì CBEX, wọ́n sì ń ru àga jáde.

Ìṣirò tó dáhùn ìbéèrè bí ogún yóò ṣe pẹ́ tó kó tó di ogójì kò ju ìlà kan lọ. Bí a bá fi iye èlé ọdún kan pín 72, èsì rẹ̀ ni iye ọdún tí owó yóò fi di ìlọ́po méjì, bí olówó kò bá yọ èlé náà jẹ. Ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, ọdún mẹ́sàn-án. Ìdá 12, ọdún mẹ́fà. Luca Pacioli, olùkọ́ ìṣirò ará Ítálì tí àwọn akáǹtáǹtì kà sí baba iṣẹ́ wọn, ti mẹ́nu ba 72 yìí nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní Venice lọ́dún 1494, kò sì sọ bó ṣe rí i. Èlé orí èlé ló wà nídìí rẹ̀. ₦1,000 tó jèrè ìdá 12 di ₦1,120 lọ́dún kìíní. Lọ́dún kejì, ₦1,120 ló ń jèrè, kì í ṣe ₦1,000 mọ́, nítorí náà èrè kúrò ní ₦120, ó di ₦134 àti kọ́bọ̀ díẹ̀. Lọ́dún kẹta ó ti lé ní ₦150. Nígbà tí ọdún kẹfà bá fi parí, owó náà kò ju nǹkan bíi ₦26 lọ kó pé ₦2,000.

Ọmọ JSS 2 lè fi irú ìṣirò yìí tú àṣírí CBEX lẹ́yìn ìwé ìṣirò rẹ̀. Owó tó ń di ìlọ́po méjì lóṣooṣù, bó bá bẹ̀rẹ̀ láti ₦1,000, á di ₦2,000, ₦4,000, ₦8,000. Ní ìparí oṣù kejìlá ó ti di ₦4,096,000. Kò sí oko, kò sí ọjà, kò sí kànga epo tó ń mú irú èrè bẹ́ẹ̀ wá.

Ibi tó ti le fún olùkọ́ tó wọ aṣọ báńkì ni ọ̀rọ̀ báńkì fúnra rẹ̀. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2022, òfin CBN ni pé èlé orí àkáǹtì ìfowópamọ́ kò gbọdọ̀ kéré sí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún iye èlé tí CBN fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀. Nígbà tí ìyẹn dé 27.5 ní ìparí ọdún 2024, èlé tó kéré jù fún onífowópamọ́ di 8.25. Fi pín 72: ọdún mẹ́sàn-án ó dín díẹ̀. Ọ̀wọ́ngógó ọjà lóṣù Kejìlá ọdún yẹn jẹ́ 34.8, èyí tó túmọ̀ sí pé iye ọjà ń di ìlọ́po méjì láàárín ọdún méjì ó lé. (72 máa ń yára ju òótọ́ lọ díẹ̀ bí ìdá bá ti pọ̀ báyìí.) Àjọ ètò ìṣirò ìjọba, NBS, yí ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ padà lóṣù tó tẹ̀ lé e, iye náà sì bọ́ sí 24.48, síbẹ̀, ọmọ tó bá dúró kí owó rẹ̀ di ìlọ́po méjì ní báńkì yóò bá ìrẹsì ní nǹkan bí ìlọ́po méje, bí èlé àti ọ̀wọ́ngógó bá dúró síbi tí wọ́n wà nígbà náà. Ó ṣòro láti gbà pé irú ìṣirò yìí ló ń wà lójú pátákó lọ́jọ́ tí báńkì bá wá fún àwọn ọmọ ní ìwé àti fìlà.

Ìfowópamọ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun sí ọmọ tí báńkì ń wá kọ́, ká mú ọmọ Ìlọrin bí àpẹẹrẹ. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń tajà ní ọjà Ìpàta ti rí káàdì alájọ: ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, àmì kan fún ọjọ́ kan. Ẹni tó ń dá ₦500 lójúmọ́ yóò dá ₦15,500, yóò sì gba ₦15,000. Ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ. Èlé kọ́ nìyẹn, owó ìtọ́jú ni, ìyá ọmọ náà ló sì ń san án. Wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀ nítorí alájọ ń wá bá wọn nídìí igbá.

Ìlọrin tún ní ìṣòro kan tí ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ sí ìlú mìíràn kì í rò. Ilé kéú ti sọ fún ọ̀pọ̀ ọmọ pé ribà ni èlé, èèwọ̀ sì ni. Báńkì tí kì í gba èlé wà: Jaiz láti 2012, TAJBank láti 2019, Lotus láti 2021. Nínú ètò mùdárábà wọn, olówó àti oníṣòwò á ti fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe pín èrè. Bí òfò bá dé, owó olówó ló lọ, òógùn oníṣòwò náà sì lọ lásán. 72 kò béèrè bóyá èlé ni tàbí èrè. Ohun tó yàtọ̀ ni pé èrè kì í ṣe ìlérí, nítorí náà ẹ̀yìn tọ́dún bá parí ni wọ́n tó lè fi pín in.

Yàtọ̀ sí Ọ̀sẹ̀ Owó, ọ̀nà mìíràn tí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì àti ilé iṣẹ́ owó ń gbà yọ̀ǹda ara wọn láti kọ́ ọmọ ni Junior Achievement, tó bẹ̀rẹ̀ ní Springfield, Massachusetts, lọ́dún 1919. Simi Nwogugu, tó ti ṣiṣẹ́ ní Goldman Sachs, dá ẹ̀ka Nàìjíríà sílẹ̀ lọ́dún 1999. Nínú ètò ilé iṣẹ́ wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ta ìpín, wọn á ṣe ọjà, wọn á tà á, wọn á sì pín èrè. Owó rẹ̀ kì í wá lásán: ní Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ a máa kóra jọ gbá bọ́ọ̀lù bowling láti fi kówó jọ; ní Nàìjíríà, ìtọrẹ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ló gbé e ró jù.

Ẹ̀rí pé ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan ń yí ìwà padà kò nípọn. Lọ́dún 2014, Fernandes, Lynch àti Netemeyer kó ìwádìí 201 jọ, wọ́n rí i pé ipa rẹ̀ kéré, ó sì ń ṣá bí oṣù ti ń gorí oṣù. Kaiser, Lusardi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kó ìdánwò 76 jọ ní 2022, wọ́n sì ní ipa rẹ̀ wà dájú. Ìwádìí ti Gánà ló sún mọ́ wa jù: lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án tí wọ́n fi àpótí owó sí iléèwé, owó inú àpótí pọ̀ sí i, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ jẹ́ owó tí àwọn ọmọ ń tọ́jú sílé tẹ́lẹ̀. Ó jọ pé ẹ̀kọ́ tó bá dé lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ lò ó ló ń dúró.

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ti dé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Fásitì Ìlọrin. Owó ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti ìjọba àpapọ̀, NELFUND, tí òfin rẹ̀ jáde lóṣù Kẹrin ọdún 2024, kò ní èlé, ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ sì ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìdá mẹ́wàá nínú owó oṣù ẹni tó bá ti ríṣẹ́. Kò sí bí a ṣe lè fi òdo pín 72: gbèsè náà kì í di ìlọ́po méjì láéláé. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní àdúgbò Tánkẹ̀ bá yáwó lórí ápù tó ń gba ìdá 15 lóṣù, èlé orí èlé, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní tí kò sì san nǹkan kan, nígbà tí oṣù Karùn-ún bá fi parí, ogún rẹ̀ ti di ogójì.