Láti Ẹgàn dé Àkúrẹ́: Níbo Ni Ìrìn Àjò Ti Ń Bẹ̀rẹ̀?

Ní ọjọ́ tí sánmà bá mọ́, ẹni tí ó bá gbójú sókè ní Ẹgàn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, a máa rí ọkọ̀ òfuurufú tí ń lọ tí ń bọ̀ ní pápá Ìkẹjà. Bí a bá na okùn tààrà láti Ẹgàn dé pápá náà, kò tó kìlómítà 15. Ọmọdé a máa juwọ́ sí i, àgbà a sì máa wò ó bí ohun tí ó wà létílé. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan di ẹrù rẹ̀, kí ó ní òun ń lọ wọ̀ ọ́, nígbà náà ni yóò mọ̀ pé ibi tí ojú dé, ẹsẹ̀ kì í tètè débẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ìṣirò kan rèé tí ẹ lè fi kọ́ àwọn ọmọ. Láti pápá Ìkẹjà dé pápá Àkúrẹ́ tó nǹkan bí kìlómítà 230 lójú òfuurufú. Ọkọ̀ tí ń sáré kìlómítà 400 ní wákàtí kan yóò fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 35 là á já. Bí a bá fi àkókò ìgbéra àti ìbalẹ̀ kún un, ó di nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Iye tí àwọn tí ń ta ìwé ọkọ̀ ń sọ fún wa nìyẹn, wọn kò sì parọ́.

Síbẹ̀, ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Ará Ẹgàn yóò kọ́kọ́ gba Ìgándò, Ìṣẹrì, Ẹgbẹ́dá àti Ìyànà-Ìpájà kọjá kí ó tó kan Ìkẹjà. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá ká a mọ́ ọ̀nà, wákàtí méjì lè bá a lọ. Ó tún yẹ kí ó ti dé pápá ní wákàtí kan, ó kéré tán, kí ọkọ̀ tó gbéra, nítorí àyẹ̀wò ìwé àti ẹrù. Bí ó bá sì balẹ̀ ní Àkúrẹ́, tí ó jẹ́ pé Ọ̀wọ̀ ni ilé rẹ̀, ọkọ̀ ilẹ̀ ni yóò tún wọ̀. Ẹ ro ó pọ̀: ìṣẹ́jú 45 lókè, nǹkan bí wákàtí mẹ́rin nílẹ̀!

Àwa kò bá ọkọ̀ òfuurufú jà. Láti ìgbà tí a ti ṣí pápá Murtala Muhammed ní oṣù kẹta ọdún 1979, ó ti ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àǹfààní, ìjọba ìpínlẹ̀ púpọ̀ sì ti náwó ńlá kí wọn lè ní pápá tiwọn. Ohun tí a ń wí ni pé pápá tí kò ní ọ̀nà rere dà bí ọjà tí a ná sí àárín ẹgbẹ́gàn. Ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé ènìyàn 1,277,714 ni ó wà ní Alímọ̀ṣọ́ nígbà náà. Ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Agbádó dé Òyìngbò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 gba Agége àti Ìkẹjà kọjá. Èyí fi hàn pé ohun náà ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kò gba Ẹgàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ yòówù tí ẹ lè máa ṣe, bí olùdíje bá dé tí ó ṣe ìlérí pápá ọkọ̀ òfuurufú tuntun, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í léèrè pé: ọ̀nà wo ni yóò gbé wa débẹ̀? Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí gbogbo ọ̀nà bá dí, ta ni yóò rí ọjà ná? Ẹnu ọ̀nà ilé wa ni ìrìn àjò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí àtúnṣe náà ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú.