Wọ́n Ní Ẹ Ti Rù? Ẹ Kọ́kọ́ Gun Òṣùwọ̀n

Ní Lọ́kọ́ja níbí, bí a bá ti kí èèyàn tán, ara rẹ̀ la máa ń wò. Ẹni tó sanra, wọ́n á ní owó ti dé. Ẹni tó rù, wọ́n á ní kí ló ń ṣe é, ẹlòmíràn á sì ti fura sí àrùn tí kò sí níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ní "lẹ́pa" àti "oróbó" tiwọn. Wọ́n ní eré ni, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń fi ṣeré lè bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún òde àti fọ́tò.

Ẹ má gba ẹnu aládùúgbò gbọ́ ju òṣùwọ̀n lọ. Obìnrin tó wọn kílò 58, tó sì ga ní mítà 1.65: ẹ fi 1.65 pín 58, ẹ tún fi pín èyí tó bá jáde. 21.3 ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka 18.5 sí 24.9 sí déédéé. Kò rù rárá.

Síbẹ̀, irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ló ń ra oògùn ìsanra tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá tí kò lórúkọ. Dexamethasone àti cyproheptadine ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Cyproheptadine ń mú ebi pani, ó sì ń kunni lóorun. Ẹ má lò ó gun ọ̀kadà. Dexamethasone ló burú jù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó máa ń yọ bí èèyàn bá ń lò ó, ọ̀rá àti omi ló sá jọ síbẹ̀. Oògùn yìí ń gbé ìfúnpá àti ṣúgà sókè, ó ń sọ egungun di ẹlẹgẹ́, ó ń lé oorun lọ, ó sì lè da orí èèyàn rú.

Bí ẹ bá ti ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má dá a dúró lójijì: ó ti lè mú kí ara dẹ́kun ṣíṣe èròjà tirẹ̀ tó jọ ọ́, èyí sì lè dá èèyàn dùbúlẹ̀. Ẹ kó o lọ fún dókítà, yóò bá yín dín in kù.

Tíì amúnirù ńkọ́? Omi ara ló ń gbẹ́ jáde, ọ̀rá kò kúrò.

Ẹni tó ń rù láìnídìí gbọ́dọ̀ ṣàyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ṣúgà, kí wọ́n sì bi í nípa ọkàn rẹ̀, nítorí ìbànújẹ́ máa ń pa ebi. Bí ìrònú nípa ara kò bá jẹ́ kí ẹ sùn tàbí jẹun fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Bí èrò àtipa ara ẹni bá wọlé, ẹ lọ lónìí, kí ẹnì kan sì bá yín lọ.