Ta Ni Ọmọ Tí Wọ́n Pa?

Ẹ̀yin ará, tí ìròyìn ìpànìyàn bá jáde níbí, apànìyàn la máa ń mọ̀. Ẹni tó kú á kàn di fọ́tò. Ìdí nìyí tí mo ṣe fẹ́ràn fíìmù tí BBC gbé jáde ní 2016 lórí Dámilọ́lá Taylor, ọmọ ọdún 10 tí wọ́n fi àfọ́kù ìgò gún nítan ní Peckham, oṣù kọkànlá ọdún 2000. Àwọn òbí ló gbájú mọ́: ìyá tó kó àwọn ọmọ wá sí London nítorí ìtọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bàbá tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Àbí ilé tiwa náà kọ́ nìyẹn? Wunmi Mosaku ló ṣe ìyá, ó sì gba BAFTA ní 2017.

Ohun kan ló ṣì ń dùn mí. Ní 2006, “manslaughter” ni ilé ẹjọ́ dá àwọn ọmọkùnrin méjì lẹ́bi rẹ̀, kì í ṣe “murder”. Òfin mọ ìyàtọ̀ wọn. Ẹ bá mi túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá fún ìyá tó sin ọmọ ná.