Ẹyin Pọ̀, Ọmọ Kò Tó

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí ẹ bá ń jẹ fish and chips ní Peckham, ẹ ronú nípa ẹja cod. Abo kan lè yé ẹyin tó lé ní mílíọ̀nù kan lọ́dún, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló ń dàgbà. Òkun North Sea ti ń gbóná, kòkòrò tíntìntín tí ọmọ cod ń jẹ sì ti dínkù níbẹ̀.

Ní 2001, European Union fòfin de pípa cod ní apá ńlá òkun náà, láti oṣù Kejì di ìparí oṣù Kẹrin, kí ẹja lè ráyè yé ẹyin. Ó dára, àmọ́ òfin kò lè mú omi tutù. Bí ọmọ ẹja kò bá tó, àfi kí a dín èyí tí à ń pa kù. Ẹ bi ẹni tó ń tà á fún yín: “Òkun wo ni cod yìí ti wá?”