KỌ́LẸ́Ẹ̀JÌ: KÍ NI ÌTUMỌ̀ RẸ̀?

Bí òbí kan bá kéde ní Ijoun pé ọmọ òun ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, gbogbo ará ilé ni yóò bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè ṣi ọmọ rẹ̀ lọ́nà.

Láti inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ohun tí ó túmọ̀ sí ni ẹgbẹ́ àwọn ènìyàn tí wọ́n péjọ lábẹ́ òfin kan fún iṣẹ́ kan. Kò sọ iye ọdún ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ bí ẹ̀kọ́ náà ti ga tó. Ìdí nìyí tí olúkúlùkù orílẹ̀-èdè fi ń lò ó bí ó ti wù ú.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Yewa. Yewa College ní Ìláròó, tí a ń pè ní Egbado College tẹ́lẹ̀, jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Comprehensive High School ní Ayétòrò, tí a dá sílẹ̀ ní 1963, kò jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní orúkọ, síbẹ̀ ìpele kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Ní Ayétòrò yìí kan náà, College of Agricultural Sciences jẹ́ ẹ̀ka Yunifásítì Olabisi Onabanjo, níbi tí a ti ń gba oyè. Bí ìbátan ẹni bá sì kọ̀wé láti Amẹ́ríkà pé òun wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ̀kọ́ tí ó ga ju ti girama lọ ni ó ń sọ.

Ní ààlà ni àṣìṣe yìí ti lè pa ọmọ lára jù. Ní Kétu àti Pọ́bẹ̀, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí a ń pè ní Dahomey títí di 1975, èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ yóò lo ọdún mẹ́rin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, yóò sì ṣe ìdánwò BEPC. Ọdún mẹ́ta mìíràn ni yóò lò ní lycée kí ó tó ṣe ìdánwò Baccalauréat, èyí tí ń ṣí ilẹ̀kùn yunifásítì. Ní Nàìjíríà, ọdún mẹ́fà ni ti girama, mẹ́ta ní apá kékeré, mẹ́ta ní apá àgbà. Ìdánwò WAEC tàbí NECO ni a sì fi ń parí rẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ tí ó parí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Kétu kò tíì parí ẹ̀kọ́ girama. Bí bàbá rẹ̀ bá mú un wá sí Ijoun, tí ó rò pé ìwé rẹ̀ ti pé, ó lè fi í sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ó yẹ kí ó ṣì wà ní kíláàsì. Bákan náà, bí ọmọ Ijoun tí ó ti yege nínú ìdánwò WAEC bá sọ ní Pọ́bẹ̀ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì ni òun ti jáde, wọ́n lè kà á sí ẹni tí ó ní BEPC nìkan.

Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe òṣùwọ̀n ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ọmọ kàwé dé, kí ó béèrè ohun mẹ́ta: Ọdún mélòó ni ó lò lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀? Ìdánwò wo ni ó yege? Ìwé-ẹ̀rí wo ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀? Kí ó sì mú ìwé-ẹ̀rí náà lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kí ó tó san owó kankan. Abèèrè kì í ṣìnà.